Ẹ̀kán Kan Nínú Ife

Ẹ̀kán aró kan péré ni Baba Ọlọ́dà kán sínú ife ọ̀dà funfun. Ó pò ó, ó fi kun pákó, ó jẹ́ kó gbẹ. Ọ̀gá kọ́lékọ́lé wò ó títí. Ó ní, "Àwọ̀ tí a fẹ́ nìyí."

Ilé ìwòsàn tuntun ni wọ́n fẹ́ fi kùn. Àgbá ńlá tó wà láàárín ilé iṣẹ́ Baba sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fún ọ̀dà funfun dé ẹnu.

Baba kò po ju bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lọ lẹ́ẹ̀kan rí. Ojú ló fi ń wọn aró. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tútù a máa tan ojú jẹ, àfi tó bá gbẹ. Aró tó bá sì ti wọ àgbá, kò sẹ́ni tó lè bẹ̀ ẹ́ kó jáde. Bí àwọ̀ bá yàtọ̀, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ṣòfò nìyẹn, wọn ò sì ní fi iṣẹ́ ńlá lọ̀ ọ́ mọ́.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, mú ẹfun, ó ń ṣírò sára ògiri.

"Bàbá, àpótí tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà kọ̀ọ̀kan ń gba ẹgbẹ̀rún lítà. Irú rẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú àgbá yìí. Ife yín mẹ́wàá ni lítà kan. Ife ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n nìyẹn, ẹ̀kán kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Kí n wá jókòó máa kán an? Ẹ ó sin mí kó tó pé."

"Ẹ ò ní kán an. Ìwé tí mo kà ní ogún ẹ̀kán ni mílílítà kan. Lítà kan ààbọ̀ là bá dà sí i." Ó wo igi aró lọ́wọ́ Baba. "Ṣùgbọ́n ìwé ò mọ igi tí ẹ fi ń kán aró. Ẹ kán an kí n rí i."

Baba kán an sínú ife ìwọ̀n kékeré. Ní ẹ̀kán kẹẹ̀ẹ́dógún, aró kan àmì mílílítà kan. Wọ́n tún un ṣe. Bákan náà ni.

"Ẹ̀kán tiyín tóbi, Bàbá. Lítà méjì ni."

"Ohun tó bá ti ara mi jáde ló máa ń tóbi. Wo ìwọ náà."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Baba kò rẹ́rìn-ín. Lítà méjì kì í ṣe kékeré lójú ẹni tó mọ ẹ̀kán kan. Ó gbé ike aró, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ìwọ lo ṣírò ó. Dà á."

Ọmọ náà dà á. Aró tàn káàkiri ojú ọ̀dà bí ìgbà tí òjò ṣú. Ẹ̀rọ inú àgbá ń yí i. Díẹ̀díẹ̀, ó pòórá sínú funfun. Wọ́n bù ú kun pákó kejì, wọ́n jẹ́ kó gbẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá kọ́lékọ́lé gbé pákó méjèèjì sínú oòrùn. Ó yí wọn síwá, ó yí wọn sẹ́yìn, títí ó fi ṣì wọ́n mú.

"Bàbá, èwo ni ti ife nínú méjèèjì?"

Baba wò wọ́n. Òun náà kò mọ̀.

"Ọmọ mi ló po ti àgbá," ó wí. "Ọmọ mi obìnrin."

Ọ̀gá náà ti ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa kó ọ̀dà náà lọ. Baba nàró, ó ń retí kó béèrè lọ́wọ́ òun ta ló pò ó, kí òun lè tún un sọ.