Omi Ọkọ̀ Pupa

Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ti kọjá ààrin, ó sì ń lọ sókè. Aránṣọ tó ń wa ọkọ̀ náà ò fẹ́ wò ó, ojú rẹ̀ ò sì yéé lọ síbẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí afárá gígùn náà ni, kò sí ibi tí èèyàn lè yà sí, ọkọ̀ akẹ́rù kan sì ń fọn fèrè lẹ́yìn wọn bí ẹni pé òun ló ni ọ̀nà.

Bàbá rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún. Báàgì rẹ̀ wà nínú búùtù. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ń lọ, bàbá ò sì ní bá a padà.

Ọkọ̀ eré pupa yìí, alájókòó méjì, ti wà kí aránṣọ tó lọ sílé ọkọ, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀. Nígbà kan, ojú lásán ni àwọn ọkọ̀ yòókù fi ń sìn ín lọ. Ní báyìí, ó máa ń wúkọ́ kó tó gbéra. Wolé-wolé ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá, nítorí iṣẹ́ tó ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì: kó máa wo ilé onílé, kó yọjú sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, kó sì bá ọ̀bùn wí. Láti ìgbà tí àtọ̀gbẹ ti sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di igi, ọmọ rẹ̀ ló ń fi ọkọ̀ náà gbé e ṣeré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àfi bí bàbá ṣe ní òun fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn olùtọ́jú, láìjà, láìta.

"Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni, Bàbá?"

"O ò ṣẹ̀ mí."

Aránṣọ wá ń ro ọ̀rọ̀ tí òun sọ àti èyí tí òun ò sọ, kò rí èyí tó lè lé bàbá kúrò nílé ara rẹ̀. Ó dùn ún wọra. Ẹkún ń gbọ̀n ọ́n lórí afárá yìí, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Omi aláwọ̀ ewé tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ló ń dín kù. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ti ń bù ú kún un, omi ò dúró. Ó tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú, páálí gbẹ. Ó fọwọ́ pa gbogbo rọ́bà, kò rí ẹ̀kán kan.

"Ṣí híítà," bàbá sọ lójijì. "Kí ooru ẹ́ńjìnnì rí ibi gbà jáde."

"Nínú oòrùn yìí?"

"Ṣí i, Ìyá mi." Ìyá tó bí i lọ́mọ ló rí lára ọmọ yìí, kò sì pè é lórúkọ rí.

Ó ṣí i. Abẹ́rẹ́ dúró, bí ẹni tó ń rò ó. Lẹ́yìn náà ni kùrukùru bo gíláàsì iwájú pátápátá. Aránṣọ ò rí afárá mọ́, kò rí ọkọ̀ tó wà níwájú. Ó yọ orí síta lójú fèrèsé, ó rọra ń wọ́ ọkọ̀ lọ. Awakọ̀ akẹ́rù ń bú u, ó sì jẹ́ kó máa bú u títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá, tó ráyè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

Inú ọkọ̀ ń ta sánsán, òórùn dídùn bíi ti ṣúgà tó ń hó. Òórùn omi aláwọ̀ ewé yẹn ni. Abájọ tí páálí fi gbẹ: láti ara híítà, inú ọkọ̀ ni omi ń jò sí.

Ó yí lọ ṣílẹ̀kùn bàbá. "Ẹ jẹ́ kí n wo abẹ́ ẹsẹ̀ yín."

Bàbá kó ẹsẹ̀ jọ. "Má fọwọ́ kàn án."

"Kí ló dé?"

"Èmi ni," ni bàbá wí, afárá ló ń wò. "Gbogbo ìgbà tá a bá jáde, ìbọ̀sẹ̀ mi á rin. N kì í mọ̀ ọ́n lára. Mo máa ń fọ̀ ọ́ kó o tó jí. Mo gbé bàtà sẹ́yìn ilé, èèrà bò ó. O mọ̀ pé ìtọ̀ alátọ̀gbẹ máa ń ní ṣúgà. Mi ò fẹ́ kó o wá máa fọ ìtọ̀ mi."

Aránṣọ kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́. Ó fa àjákù aṣọ funfun kan yọ lápò, irú èyí tí kì í tán lápò aránṣọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó gbé e sókè, ó ti di aláwọ̀ ewé.

Bàbá gbà á, ó sún un mọ́ ojú, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ìdí ṣòkòtò yín ńkọ́?" aránṣọ bi í. "Ṣé ó rin rí?"

"Ó tì."

"Orúnkún yín ńkọ́?"

"Kò rin."

"Ìtọ̀ wo ló ń fo itan, tó ń fo orúnkún, tó wá ń lọ bọ́ sínú bàtà? Wolé-wolé, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń wo ilé onílé?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu bàbá. Ó fọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì, ọmọ rẹ̀ ò sì mọ̀gbà tí ẹ̀rín náà di nǹkan mìíràn. Ó di ọwọ́ kejì bàbá mú.

Fóònù dún. Àwọn ilé ìtọ́jú ni. Aránṣọ wo bàbá rẹ̀, kò gbé fóònù náà.

"Sọ fún wọn pé ọkọ̀ wa ló bàjẹ́," ni bàbá wí.

Bàbá bọ́ bàtà rẹ̀, ó da omi inú rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó fún un dáadáa, ó sì sá a sórí dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí i.