Ẹ Má Fọwọ́ Kàn Mí

Ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan irú eré yẹn kò lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ọmọ ènìyàn. Wọ́n á ní kí o lúwẹ̀ẹ́ nínú odò títí apá rẹ á fi kú, kí o jáde, kí o gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbíadé létí omi títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tí o bá sọ̀ kalẹ̀, tí ẹsẹ̀ ò mọ̀ mọ́ pé ẹsẹ̀ lòun, wọ́n á ní ó ku kí o sáré gba Òkè-Sopẹ́n, Orù àti Àwà kọjá, kí o tó wọ ọgbà yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà yẹn pàápàá máa ń ráhùn pé ó jìn. Adépéjú ọmọ Àwà, tó wà lọ́dún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, fẹ́ràn eré náà ju oúnjẹ lọ.

Ti ọdún yẹn kì í sì í ṣe eré lásán. Obìnrin méjì tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n máa mú lọ sí àgọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò ṣojú Nàìjíríà, akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n sì ń gbà. Adépéjú ò ní ọdún mìíràn. Bí kò bá bọ́ sáàárín àwọn méjì yẹn, á lọ máa wá iṣẹ́ bí gbogbo ayé, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ á sì di ti ẹlòmíràn.

Ìyá rẹ̀, Zipporah, tó ń yan gàrí ní Àwà, tó sì jẹ́ ìyá aládùúrà nínú ìjọ aláṣọ funfun wọn, kò fẹ́ gbọ́ nípa eré náà rárá. Kò fẹ́ràn odò, kò fẹ́ràn ṣòkòtò penpe tí ọmọ rẹ̀ ń wọ̀ lójú títì. "Ọma mi, ṣe bí ulé ìwé lo lọ?" Ó béèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láti ọjọ́ yẹn ni àwọn méjèèjì ò ti mẹ́nu kàn án mọ́. Ó dun ọmọ náà. Kò sí ìgbà kankan tí ìyá rẹ̀ wá wò ó níbi tó ti ń sáré.

Láti inú omi ni nǹkan ti dojú rú. Ewéko orí omi tí wọ́n ti kó kúrò ti tún ṣàn padà, bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé tó tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ẹnì kan ta á nípàá lójú, awò tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ bọ́, ó rì. Adépéjú bẹ̀rẹ̀ sí í dijú lúwẹ̀ẹ́, ó ń gbé orí sókè wo ọ̀nà, ó sì ń ṣìnà. Kó tó gúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ ti gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ.

Kẹ̀kẹ́ náà ò ṣàánú rẹ̀. Táyà bẹ́, ó pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀. Ó tún bẹ́, ó fi èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sí i, láti ìgbà náà ló sì ti ń gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rù, tó ń yà fún gbogbo kòtò, kòtò ọ̀nà yẹn ò sì kéré. Omi inú ìgò rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n oòrùn ọjọ́ náà ò mọ ẹni tó wà níwájú yàtọ̀ sí ẹni tó wà lẹ́yìn. Adépéjú ń kọjá àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ń bì lábẹ́ igi, òmíràn jókòó, ó ń wo kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tó dé Ìjẹ̀bú-Igbó, tó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, Bùsúyì tó ń kọ́ ọ léré sá tẹ̀lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Ìwọ lo ṣe ìkẹta nínú àwọn obìnrin. Sarah ló wà níwájú rẹ, ó sì ti ń rìn. Ṣáà máa lọ, má gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an létí. Orí tábìlì àwọn tó ṣètò eré nìkan ni wọ́n ti ń mu omi. O lè ṣubú, o lè na gbalaja, o lè fi orúnkún wọ́, kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ, ì báà ṣe ìgbésẹ̀ kan, o ti jáde nínú eré nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá, ọ̀kan lára àwọn adájọ́ eré, wà lórí ọ̀kadà tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn Orù, Adépéjú kọjá lára Sarah. Wọn ò kí ara wọn, agbára ìkíni ò sí. Ó ti di ìkejì. Ó ń sọ ọ́ lọ́kàn ara rẹ̀, ìkejì, ìkejì, bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀, títí tó fi wọ Àwà. Ibẹ̀ ni pajápajá ti mú un lẹ́sẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ṣubú lulẹ̀ láàárín títì.

Ẹ̀rù ò bà á. Sarah ṣì wà lẹ́yìn réré. Bí òun bá dákẹ́, tí òun mí, pajápajá náà á tú, òun á dìde. Ó dùbúlẹ̀, ó ń ka èémí rẹ̀. Ìgbà náà ló gbọ́ orin ìjọ.

Ìyá rẹ̀ ló ń bọ̀, òun àti àwọn ìyá ìjọ, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, nítorí wọn kì í wọ bàtà sí aṣọ náà. Orí ọ̀dà gbígbóná ni wọ́n dúró sí láti òwúrọ̀, tí wọ́n ń retí ọmọ Zipporah. Ó wá. Ìyá òun wá wo òun. Inú Adépéjú dùn débi pé ẹkún gbé e lọ́rọ̀ mì, ẹkún yẹn ni kò sì jẹ́ kó tètè sọ̀rọ̀.

"Màámi," ló sọ nígbà tí ohùn dé, "ẹ má fọwọ́ kàn mí. Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn mí."

Àwọn ìyá náà wo ara wọn. Ta ni kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ wọn? Ẹni tó bá ṣubú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, tó ń sunkún, tó tún ní kí ìyá òun má fọwọ́ kan òun, òun kọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀mí tó fẹ́ mú un lọ ni.

"Éè ṣe òun o," ni Ìyá Mary, àgbà wọn, sọ. "Ẹ dì í mú."

Bó ṣe ń bẹ̀ wọ́n tó ni wọ́n ń dì í mú tó. Wọ́n da omi àdúrà sí i lójú, wọ́n fi òróró pa á lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé e sókè, wọ́n sì ń bá a sá lọ sí ilé àdúrà tó wà lọ́nà Àgọ́-Ìwòyè kí ẹ̀mí náà má bàa borí. Apá Adépéjú ò ká wọn. Ó ń wo ojú ọ̀run tó ń kọjá lọ, ó sì mọ̀ pé gbogbo ìgbésẹ̀ tí wọ́n ń gbé ń pa òun lára, bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́. Wọ́n yin Olúwa pé ẹ̀mí náà ti lọ.

Akínbọ́lá fi ọ̀kadà dí wọn lọ́nà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹrí ba kí wọn, ó wá ṣàlàyé òfin eré fún wọn. Ojú Zipporah rọ̀.

"Èmi ni ìyá ẹ̀, ọ̀gá. Èmi náà?"

"Ẹnikẹ́ni ni, Mà. Ó ti parí."

Obìnrin náà bojú wẹ̀yìn wo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá. "Ṣé ẹ rí i," ló sọ níkẹyìn, "mo mọ ibi tí a ti gbé e."

Kí Akínbọ́lá tó dáhùn, wọ́n ti yí padà. Wọ́n gbé e padà síbi tó ti ṣubú gan-an, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí bí wọ́n ṣe bá a. Zipporah fi etí aṣọ rẹ̀ nu omi àdúrà kúrò lójú ọmọ rẹ̀ títí ó fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn bọ́ sórí koríko, wọ́n fi ọwọ́ sẹ́yìn. Sarah rìn kọjá láàárín wọn.

"Dìde, ọma mi," ni Zipporah sọ láti ibi tó dúró sí. "A éè fọwọ́ kàn ẹ́ mọ́."

Adépéjú wo Akínbọ́lá. Akínbọ́lá wo àwọn ìyá náà, ó sì lọ dúró ti ọ̀kadà rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ti tú. Òróró náà ti ṣiṣẹ́. Ó dìde, ó sì sáré, ó sáré dáadáa, pẹ̀lú orin àti àtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ohùn ìyá rẹ̀ ló ga jù. Nígbà tó dé kọ́nà tí wọn ò ti lè rí i mọ́, ó jókòó sí ẹ̀bá títì, ó ń dúró de ọ̀kadà Akínbọ́lá.