Ẹ̀rọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Halmágyi

Ní yunifásítì wa ní ìlú Szeged, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Halmágyi ní ẹ̀rọ tuntun. Bẹ́nikẹ́ni bá fẹ́ gbàgbé, òun fúnra rẹ̀ á rán an létí. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò ju kó máa gbọn ìgò omitoro tí a fi ń sin bakitéríà, tọ̀sán-tòru, kí wọ́n lè yára pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ya fọ́tò níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tòun ti táì.

Emese, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá oyè dókítà lábẹ́ rẹ̀, kò ráyè fọ́tò. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń wádìí irun wínníwínní tó wà lára bakitéríà tó ń fa àrùn ìtọ̀. Ó ti rí i pé purotéènì kan ní ṣóńṣó irun náà ló ń di ara àpò ìtọ̀ èèyàn mú, bí eèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Àmọ́ láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé, bakitéríà rẹ̀ ò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan mọ́. Bó bá ti fi omi ṣan sẹ́ẹ̀lì àpò ìtọ̀ tó wà nínú àwo, gbogbo wọn á bómi lọ.

"Ìyẹn ni pé irọ́ ni gbogbo èyí tó o ti ń rí tẹ́lẹ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "O ò ṣàn án dáadáa nígbà yẹn ni. Bí kò bá lẹ̀ kó tó dọjọ́ Ẹtì tí ìgbìmọ̀ tó ń fúnni ní oyè máa jókòó, màá ní kí wọ́n fagi lé oyè rẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà..."

"Ẹ̀rọ kì í purọ́, ọmọ mi."

Ọjọ́ Ajé tó sọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni Màmá Rozália wọlé láti ìsinmi oṣù mẹ́ta. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti ń se omitoro fún wa, òun ló sì ń bá wa sin bakitéríà nínú rẹ̀. Ó bá Emese níbi tó ti ń sunkún sínú kọfí.

"Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Bakitéríà mi ni, Mà. Wọn ò lẹ̀ mọ́."

"Báwo lẹ ṣe sìn wọ́n?"

Emese nawọ́ sí ẹ̀rọ. Màmá wò ó títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ ń gbọ̀n wọ́n! Bí wọ́n bá ń gbọn èmi náà jìgìjìgì tọ̀sán-tòru, ṣé màá ráyè hurun? Ọjọ́ méjì ni mo máa ń fi wọ́n sílẹ̀ láìmì nínú àpótí tó ń móoru. Tílẹ̀ bá mọ́, màá bù díẹ̀ sínú omitoro tuntun, ó parí."

"Kò sí nínú ìwé ìlànà, Mà."

"Ta ló bi mí? Ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ ìwé. Ṣé ó ti se omitoro rí ni?"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ariwo sọ.

"Ta ló pa ẹ̀rọ mi?"

"Èmi ni, sà," Emese dáhùn. Kò yẹsẹ̀. "Bí kò bá lẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi màá kó ẹrù mi."

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Emese da bakitéríà tí a kò gbọ̀n sórí sẹ́ẹ̀lì, ó sì ṣan àwo lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ṣàn án sí i," ni Màmá wí, "kí ẹnu àwọn tó ní o ò ṣàn án dáadáa lè wọhò."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fojú sí maikirosikóòpù. Bakitéríà ti bo sẹ́ẹ̀lì bí eṣú tó bà sóko. Nínú àwo kejì, Emese ti kọ́kọ́ da ṣúgà tí purotéènì náà fẹ́ràn láti dì mú sínú omi. Ṣúgà náà gba gbogbo ọwọ́ bakitéríà, kò sí ọ̀kan tó lẹ̀. Ó hàn pé purotéènì yẹn ló ń mú kí wọ́n lẹ̀, kì í ṣe àìṣàn-dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n wúkọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àgbà nínú ìgbìmọ̀ béèrè ẹni tó kọ́ Emese pé kó má mi bakitéríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń dìde.

"Èmi náà máa ń sọ fún wọn pé sùúrù..."

"Màmá Rozália ni," Emese wí, ó sì kọjú sẹ́yìn gbọ̀ngàn. "Mà, ẹ dìde kí wọ́n rí yín."

Màmá dìde, ó gbé orí sókè bí ẹni tí ìlú ń fi joyè.

"Ọjọ́ mélòó lẹ máa ń fi wọ́n sílẹ̀, Mà?" ni àgbà náà béèrè, ó ti yọ bírò.

"Méjì. Ẹ ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ gbọ̀n wọ́n."

Gbogbo ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fún Emese ní oyè rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Halmágyi náà yá bírò, ó kọ tirẹ̀.