Lọ́fínńdà tí Ọláwùmí Rà ní Kẹ́mísì

Bí ó bá jẹ́ pé àárẹ̀ máa ń pa ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà ni, Ọláwùmí ìyàwó Caleb ì bá ti kú tipẹ́, àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ì bá sì ti jẹ ìrẹsì òkú rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ènìyàn, bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé, tí ẹni tó ń kọjá lójú títì á sì máa wí pé ilé yìí mà ṣì dúró dáadáa.

Caleb ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn. Bí oṣù bá parí, á yọjú, á jẹ iyán, á sùn, á wo ìyá rẹ̀ lójú, á ní, "Màmá, ẹ mà ti sanra o," á sì padà síbi tó ti wá. Màmá Fámúrewá tó ń wí yìí kò sanra rárá. Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ló ṣubú ní balùwẹ̀, ìbàdí kò sì gbà á mọ́ láti ìgbà náà. Etí náà ti wúwo. Imú, ọwọ́ àti ẹnu ló kù fún un, ẹnu ọ̀hún kò sì ní àìsàn kankan.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, Ọláwùmí á ti dìde. Á yí Màmá padà, á nù ún, á pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, á fi Ísáàlì fọ ilẹ̀, á ro ògì, á sì sáré lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìyá Joy, aládùúgbò wọn, ló máa ń bá a jókòó ti Màmá títí ilé ìwé á fi parí. Bó bá dé, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé yìí, kì í sì í ṣe wúrà. Ó fẹ́ lọ wo bàbá rẹ̀ ní Èmùré. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Bàbá Adéyẹyè lápá ọ̀tún, ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ń dínkù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, Jacob àbúrò Ọláwùmí á gbé fóònù sí bàbá náà létí, bàbá á tiraka títí, á sì rí ọ̀rọ̀ méjì péré sọ: "Ugbà wo?" Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ yóò wá ló ń béèrè. Èmùré kò jìnnà. Ẹni tó bá wọ mọ́tò lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ á débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí Màmá ti ṣubú, Ọláwùmí kò tíì lọ, nítorí kò rí ẹni tí yóò fi Màmá sílẹ̀ fún.

Ìdí ni pé Màmá kì í jẹun. Ẹ lè ní arúgbó wo ló ń jẹun? Ti Màmá kì í ṣe àìlèjẹun, àìfẹ́jẹun ni. Bó bá gba ṣíbí mẹ́ta lọ́wọ́ Ọláwùmí, ó parí. Bí ìyàwó bá sì ń bẹ̀ ẹ́, á kọ ojú sí ògiri, á ní, "Bọ́lánlé ọmọ mi ì bá wà nulé, n bá jẹun."

Bọ́lánlé yìí ni àkọ́bí rẹ̀, ó wà ní ìlú Òyìnbó. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá wọn ni kò ti wálé mọ́. Nígbà náà, bó bá wọ yàrá, òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ á ti wọlé ṣáájú rẹ̀, á sì kẹ́yìn rẹ̀ jáde. Ó fi gèlè kan sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, Màmá sì tẹ gèlè náà sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ń gbóòórùn rẹ̀ títí òórùn fi tán lára aṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà: ní ìdílé wọn, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ìbáà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rá, ọkọ ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fa Ọláwùmí lé àwọn Fámúrewá lọ́wọ́, orúkọ Bọ́lánlé kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. "Àǹtí mi" ló ń pè é. Nínú àdúrà pàápàá, "Olúwa, rántí Àǹtí mi tó wà lókè òkun" ló máa ń wí, kí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ lọ wá orúkọ tó kù.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ kékeré kan ní kíláàsì sún mọ́ ọn láti fi ìwé hàn án, ó sì fi ọwọ́ bo imú. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ń rùn bí ọsibítù." Ọláwùmí kò bá a wí. Ojú tì í, ó sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Nígbà tó ń bọ̀ lọ́sàn-án, ó yà sí kẹ́mísì Dúrótoyè láti ra Ísáàlì mìíràn.

Dúrótoyè a máa ta gbogbo nǹkan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn ibà àti oògùn aràn ni ó to àwọn ìgò lọ́fínńdà pẹlẹbẹ sí, tí ìdérí wọn ń dán bíi wúrà, tí ìkọ̀wé ara wọn sì jọ ti Lárúbáwá. Ó wo ojú Ọláwùmí, ó mú ìgò kan, ó ní, "Tíṣà, ẹ mú ọwọ́ yín wá."

"Mi ò lówó lọ́fínńdà, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló bi yín léèrè owó? Kò tó iye Ísáàlì tí ẹ gbé dání yẹn." Ó fín in sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ yín á rò pé ọkọ̀ òfuurufú lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀."

Òdòdó ló kọ́kọ́ ta sí i nímú. Lẹ́yìn náà ni òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, lẹ́yìn náà nǹkan dídùn kan bíi ṣúgà tó ku díẹ̀ kó jóná. Irọ́ pátápátá ni, ṣùgbọ́n irọ́ tó ní àpọ́nlé ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, Ọláwùmí rẹ́rìn-ín, ó sì rà á. Ó fín in sí ọrùn àti sí aṣọ kó tó dé ilé.

Ó gbé àsáró wọlé tọ Màmá, ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé e jókòó. Màmá di apá rẹ̀ mú. Imú arúgbó náà ń ṣiṣẹ́, ojú tí kò ríran là sílẹ̀.

"Bọ́lánlé," ló wí. "Ṣé ọ ti dé?"

Ọláwùmí la ẹnu láti sọ pé èmi ni, Màmá. Ṣùgbọ́n Màmá náà ti la ẹnu tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúró de ṣíbí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ta ló máa rí ẹnu báyìí tí yóò máa jiyàn lórí orúkọ? Ó fi àsáró sí i lẹ́nu, ó sì sún mọ́ etí rẹ̀. Ó ní, "Mo ti dé, Màmá."

Arúgbó náà jẹ àwo yẹn tán. Ọláwùmí lọ jókòó lẹ́yìn ilé ìdáná, ó sunkún. Kò mọ̀ bóyá inú òun dùn ni tàbí inú ń bí òun. Ó rẹ̀ ẹ́ ju kó máa yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó tí kò gbọdọ̀ dá orúkọ ọmọ ilé ló wá ń jẹ́ orúkọ náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Màmá ń jẹun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yọ, Caleb dé láti Ìbàdàn, ó sì ní Màmá ti sanra, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì bọ́ sí òótọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí Ìyá Joy bá gbé ògì wá, Màmá á pa ẹnu dé gbọn-in. Bí Ọláwùmí bá gbàgbé láti fín lọ́fínńdà, bákan náà ni. Nígbà tí ìgò kìíní tán, ọjọ́ náà gan-an ló sáré lọ ra òmíràn. Nígbà kan rí, ì bá ti bẹ Ìyá Joy kó bá òun sun ọjọ́ kan kí òun lè dé Èmùré. Ní báyìí, bó bá lọ, ebi ni yóò máa pa Màmá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi so ara rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Bọ́lánlé pè pé òun ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Ọláwùmí ni inú rẹ̀ dùn jù nínú ilé. Ó di báàgì rẹ̀. Jacob ti sọ fún un pé bàbá kì í sọ "ugbà wo" mọ́, pé bí wọ́n bá gbé fóònù sí i létí, ó kàn máa ń mí ni.

Bọ́lánlé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ti tín-ínrín, irun rẹ̀ ti funfun níwájú, kò sì sí òórùn mìíràn lára rẹ̀ ju ti ọṣẹ lọ. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó ń sunkún. Màmá gbóòórùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn.

"Ta lèyí?" ló bi afẹ́fẹ́. "Bọ́lánlé, ta lo mú wọlé tọ̀ mí wá?"

Ní ilé ìdáná, Ọláwùmí kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Bọ́lánlé gbọ́ ọ tán.

"Ìwọ lo ń jẹ́ orúkọ mi fún ìyá mi?"

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Wọn kì í jẹun ni. Kí ni kí n ṣe?"

Bọ́lánlé jókòó sórí àpótí. "Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó lèmi náà ń ṣe lọ́hùn-ún," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ìyá oníyàá ni mò ń fún lónjẹ. Wọn kì í jẹ́ kí a fín lọ́fínńdà, ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti pa á tì. Mú ìgò yẹn wá." Ọláwùmí gbé e fún un. Bọ́lánlé fín in, ó gbóòórùn ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tèmi wọ́n gan-an o. Ṣé kẹ́mísì lo ti rí èyí?"

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Màmá gba ṣíbí bíi mélòó kan lọ́wọ́ Bọ́lánlé, ó sì sùn. Ọkàn Ọláwùmí balẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé báàgì, ó lọ sí gáréèjì, ó sì jókòó lẹ́bàá fèrèsé nínú mọ́tò Èmùré. Ó ku èrò kan kí mọ́tò kún nígbà tí fóònù dún.

"Ìyàwó mi, padà wá," ni Bọ́lánlé wí. Ó ń sunkún. "Mo fín in bí o ṣe ń fín in. Ó gbóòórùn mi, inú rẹ̀ dùn. Ìgbà tó di ọwọ́ mi mú dáadáa ló jù ú nù. Ó ní ọwọ́ ọmọ òun kọ́ nìyí. Ó ní olè ni mí, pé mo jí lọ́fínńdà Bọ́lánlé. Ọwọ́ tìrẹ ló mọ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀, mò ń bẹ̀ ọ́."

Ọláwùmí gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn mọ́tò. Gbogbo ara rẹ̀ ti ń múra àtisọ̀ kalẹ̀, nítorí ara tó ti mọ iṣẹ́ kì í bi ọkàn léèrè. Ó rántí bàbá rẹ̀ tó ń mí sínú fóònù. Ó jókòó padà.

"Àǹtí mi, ẹ gbé fóònù sí Màmá létí, kí ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè." Ó dúró díẹ̀, ó sì sọ ọ́ ketekete, àwọn èrò ń wò ó. "Màmá, èmi Ọláwùmí ni. Èmi ni mo ti ń fún yín lónjẹ láti ọjọ́ yìí. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ yín yẹn gan-an ni ọmọ yín."

"Bọ́lánlé," ni Màmá dá a lóhùn, ohùn tó mọ̀ ló ṣáà gbọ́. "Kí lo ń wí? Ọláwùmí ti lọ. Ó ti pẹ́ tí aya Caleb ti fi ulé yìí sílẹ̀. Ùwọ nìkan lo kù fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Inú bí i, àní inú bí i gidigidi: gbogbo aṣọ tó fọ̀, gbogbo òru tó fi yí obìnrin yìí padà, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n kọ ọ́ sí, òun sì ni ẹni tó sá lọ. Ó fẹ́ pa fóònù. Ó rẹ̀ ẹ́ jù láti jà.

"Òótọ́ ni, Màmá," ló wí. "Ó ti lọ. Bàbá rẹ̀ ló lọ wò ní Èmùré. Ara bàbá náà kò yá."

Màmá ní, "Ọ́ lọ wo bàbá rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó dáa. Ó yẹ kó lọ. Ó ti rẹ ọmọ yẹn. Ugbà tó ń tọ́jú mi, tó bá gbé mi dìde, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mi ò kí i kú uṣẹ́ rí." Arúgbó náà mí kanlẹ̀. "Bó o bá rí i, bá mi kí i. Kó má sáré bọ̀."

Omi bọ́ lójú Ọláwùmí, kò sì nù ún. "N ó jíṣẹ́, Màmá. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ yín yẹn, èmi ni mo rán an sí yín. Ẹ jẹ́ kó fún yín lónjẹ."

"Ọwọ́ rẹ̀ tutù."

"Yóò móoru, Màmá."

Èrò tó kù wọlé, awakọ̀ sì ti ilẹ̀kùn. Ọláwùmí fi fóònù sínú báàgì, ó gbé orí lé gíláàsì fèrèsé, ó sì ti sùn kí mọ́tò tó jáde ní Ìkẹ́rẹ́.