Òdo Fọlákẹ́ àti Àgbà Ọmọṣẹ́

Òdo ni Olúfọlákẹ́ gbà nínú ìdánwò ìṣirò àkọ́kọ́ tó ṣe ní yunifásítì. Òdo gbáko! Ẹni tí gbogbo Ìsọlọ̀, àdúgbò wọn, ti ń pè ní Ẹnjiníà kó tó fojú kan kíláàsì. Ọmọ wa sunkún títí, ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó gbalé lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ò ṣe ẹnjiníà mọ́, ẹ̀kọ́ ìtàn lòun máa lọ kà.

Bàbá rẹ̀, Abórìṣàdé, télọ̀ ni l'Óṣòdì. Lásìkò tí owó epo rọ̀bì kún ìlú yẹn, tí tolórí tẹlẹ́mù ń rán aṣọ tuntun, ọmọṣẹ́ kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fọ́fọ́. Bàbá gbọ́ tán, kò pariwo rárá.

"Ó yé mi," ló wí. "Ọmọṣẹ́ ló sá lọ́dọ̀ ọ̀gá. Wọ bàtà ẹ, ká lọ bẹ̀ ẹ́."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Yunifásítì kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù télọ̀!"

"Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ń bẹ ọ̀gá."

Ó gbé agbádá wọ̀, ó ra obì, ó di ọ́fíìsì Dókítà Ọlálérè, tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Gbì! Bàbá dọ̀bálẹ̀. Dókítà, tí Bàbá lè bí lọ́mọ, ta gìrì, lòun náà bá dọ̀bálẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà láti kọ́kọ́ dìde. Ojú ti Fọlákẹ́ débi pé ó ń wo ilẹ̀ bóyá á lanu.

"Ọ̀gá, ẹ forí jì í," Bàbá sọ láti ilẹ̀. "Àgbà ọmọṣẹ́ wo lẹ fi tì í?"

"Kò sí, sà."

"Kò sí kẹ̀! Ọmọṣẹ́ mi tó bá gé aṣọ oníbàárà bàjẹ́, ṣé èmi ló máa kọ́kọ́ sá bá? Àgbà ọmọṣẹ́ ni, torí òun náà ti bà á jẹ́ rí. Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́."

Dókítà họrí. Ó ránṣẹ́ pe Wàsílátù, tó wà ní ọdún kẹta. Wàsílátù gbọ́rọ̀ tán, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, ìdánwò yẹn? Èmi náà gba òdo níbẹ̀. Máa bọ̀!"

Bí Fọlákẹ́ ṣe dúró nìyẹn. Òun àti Wàsílátù ń fa ìṣirò yẹn mọ́ra wọn lọ́wọ́, wọ́n ń jẹ gúgúrú, wọ́n ń bú ẹni tó dá ìṣirò sílẹ̀. Nígbà tí ìdánwò ìparí dé, ó yege tagídítagídí.

Àmọ́ Bàbá ò lè panu mọ́, ó ròyìn ẹ̀ fún gbogbo oníbàárà. Lọ́dún kejì, àwọn bàbá Òṣòdì ti ń gbé obì bọ̀. Dókítà tilẹ̀kùn mọ́rí.

"Ẹ lọ bá àgbà ọmọṣẹ́!" ló ń ké láti inú.

Ni bàbá arúgbó kan bá yíjú sí Fọlákẹ́ tó ń kọjá lọ, ó ń ká agbádá, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Èèwọ̀, sà!" Fọlákẹ́ ti kúnlẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Ó wo ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn bàbá náà, tí ẹkún ti mú ojú ẹ̀ wú. "Mélòó lo gbà?"

"Òdo, àǹtí."

Inú Fọlákẹ́ dùn, ó dì mọ́ ọn. "Òdo kẹ̀! Ọmọ ilé wa ni ẹ́. Wá jókòó, jàre."