Ẹni Tí Wọ́n Gbà Síṣẹ́ Kó Máa Wo Òkun

Kí Táyé tó gun orí àga gíga rẹ̀ láàárọ̀, ó máa ń kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ omi. Kì í ṣe pé ó fẹ́ wẹ̀, ó fẹ́ mọ bí òkun ṣe jí ni. Nígbà mìíràn, omi á kàn fọwọ́ pa á ní kókósẹ̀, á sì padà lọ jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé yìí, ìgbì dé, ó yí i lẹ́sẹ̀ ká, ó sì fa iyanrìn abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni fa ẹní yọ nídìí ẹni tó sùn. Ó rọra gòkè lọ jókòó, ó fi fèrè kọ́ ọrùn.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ni Táyé. Ní àdúgbò Tokpota ló ń gbé pẹ̀lú Fáyọ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀ tó ń dirun. Inú ọ̀sà ni bàbá rẹ̀ ti dẹ àwọ̀n títí tí ọjọ́ fi lọ, kí Táyé tó mọ ìwé kà ló ti mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sà yàtọ̀ sí òkun. Ọ̀sà a máa jókòó de ènìyàn ni, òkun ló ń dìde wá bá a. Síbẹ̀, bó ṣe mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ ló mú kí ilé ìgbafẹ́ ńlá tó wà létí òkun, lójú ọ̀nà Kùtọnu, gbà á síṣẹ́ olùṣọ́ omi. Alùpùpù ló ń gbé e débẹ̀ ní kùtùkùtù, alùpùpù ló sì ń gbé e padà sọdá afárá wálé.

Níbẹ̀, owó kì í tán sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ti san owó ìwọlé, tí wọ́n ti so ọ̀já aláwọ̀ ewé mọ́ lọ́wọ́, á rò pé ó parí. Àfi bó bá dé orí iyanrìn tó gbọ́ pé àga ní owó tirẹ̀, agboòrùn ní owó tirẹ̀, aṣọ ìnura pàápàá ní tirẹ̀. Bó bá fẹ́ kí wọ́n gbé oúnjẹ wá bá òun níbi tó nà sí, ó di owó sẹ̀fíìsì. Owó kan tún wà tí wọ́n ń pè ní owó ààbò etí omi, ìyẹn ni kò sí ẹni tó lè ní òun kò san.

Ẹni tó bá san owó báyìí kì í fẹ́ dúró de nǹkan kan mọ́. Bí wọ́n bá délé, wọ́n á kọ ọ́ sórí fóònù fún gbogbo ayé kà pé ohun mímu pẹ́, pé ẹni tó gbé oúnjẹ wá kò rẹ́rìn-ín. Olówó tó ni ibẹ̀ ń kà á ní Kùtọnu, á sì pe Fẹ́yìsayọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ kó tó jẹun àárọ̀. Obìnrin tó ti Èkó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni Fẹ́yìsayọ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìpè àárọ̀ yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí kì í lè jókòó. Nígbà tí àwọn méjì tó ń gbé àwo sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí olówó kò gba ẹlòmíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Táyé sọ̀kalẹ̀ lórí àga: gbé èyí, gbé tọ̀hún, ìṣẹ́jú kan péré.

Kò sí ìgbà tí Táyé sọ̀kalẹ̀ tí kì í kọ ọ́ lóminú.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, oòrùn kò tíì mú nígbà tí obìnrin kan dé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀. Idayatou ni orúkọ obìnrin náà, ọmọ Àjàṣẹ́ lòun náà. Ọmọ rẹ̀, Ọlẹ́wà, so ìlẹ̀kẹ̀ funfun mọ́ irun, ó sì ti ìbàdí bọ róbà aláwọ̀ ọsàn kan tí àwọn ọmọdé fi ń léfòó. Ìyá àgbà, Sikiratou, kò fẹ́ jókòó sórí àga kankan. Ó ní òun kò tíì rí i kí wọ́n máa ta ìjókòó fún àgbàlagbà. Ó tẹ́ aṣọ rẹ̀ sórí iyanrìn.

Ìwé tí wọ́n kọ owó rẹ̀ sí wà lọ́wọ́ Idayatou. Ó gbójú sókè sí Táyé. "Jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè ní ààbò etí omi? Mo ti sanwó títí, mi ò mọ ohun tí mò ń rà mọ́."

"Èmi ni, Màdáámù," ni Táyé wí.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ má kọjá ibi tí omi bá dé orúnkún rẹ̀. Òkun ń fa ènìyàn lónìí."

Idayatou pe ọmọ, ó kìlọ̀ fún un, lẹ́yìn náà ó lọ na ara rẹ̀ sí abẹ́ agboòrùn.

Nígbà tó fi di ọ̀sán, iyanrìn ti kún. Ojú Táyé kò kúrò lára àwọn ọmọdé. Ó ti fi àmì dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀ níwọ̀n ìgbà tí kò mọ orúkọ wọn: onífìlà pupa, àwọn ìbejì tó ń jà, onílẹ̀kẹ̀ funfun. Ó ń fọn fèrè, wọ́n ń padà sẹ́yìn, bó bá pẹ́ díẹ̀ wọ́n á tún sún síwájú. Níhà ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn Idayatou.

"Ṣé kí n lọ sọ́jà lọ fún ọsàn náà fúnra mi ni? Láti ìgbà wo ni mo ti ní kí wọ́n gbé e wá? Mo sanwó sẹ̀fíìsì, ó wà nínú ìwé yìí."

Fẹ́yìsayọ̀ ń tẹríba, ó ń bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yára wá sí ìdí àga. "Táyé, sọ̀kalẹ̀. Lọ gbé ti Màdáámù yẹn wá."

"Ọ̀gá, àwọn ọmọ pọ̀ nínú omi. Ẹ sì wo ìgbì náà."

"Ìṣẹ́jú kan ni mo wí. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tún pè mí lọ́la?"

Táyé wo òkun, ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀yìn ògiri kan ni wọ́n ti ń po ohun mímu. Béèyàn bá dúró níbẹ̀, kò lè rí omi, ariwo rẹ̀ nìkan ló máa ń gbọ́. Ẹni tó ń po ọsàn ní yìnyín ti tán, wọ́n ti lọ mú òmíràn bọ̀. Táyé dúró. Ìgbì bú. Ó ní kí wọ́n fún òun bẹ́ẹ̀ láìsí yìnyín. Ẹni náà ní Màdáámù á dá a padà. Ìgbì tún bú, èyí sì pẹ́ kó tó padà sẹ́yìn. Òógùn bo Táyé lọ́rùn. Ó ń rí àwọn ọmọ náà lójú inú: onífìlà pupa, àwọn ìbejì, onílẹ̀kẹ̀. Ó ń tún un kà bí ẹni tó ń gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n gbé àwo lé e lọ́wọ́ tán, ó ti ń yára padà.

Bó ṣe yọ lẹ́yìn ògiri, òkun ló kọ́kọ́ wò. Ó rí fìlà pupa. Ó rí àwọn ìbejì. Ó rí róbà aláwọ̀ ọsàn kan tó ń fò lórí ìgbì, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ tí àwọn ife fọ́ sórí òkúta, ṣùgbọ́n ó ti ń sáré nígbà yẹn. Ó fo ẹsẹ̀ àwọn tó sùn kọjá, ó sì bẹ́ wọ inú omi. Omi ń fà á lọ sápá òsì, ó jẹ́ kó fa òun, nítorí ó mọ̀ pé ibi tó ń fa òun lọ náà ló fa ọmọ lọ. Ó rì, ó fọwọ́ wá, kò bá nǹkan kan. Ó yọrí, ó mí, ó tún rì. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, nǹkan kéékèèké kan kọlu ìka rẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ó di irun ọmọ náà mú, kò sì jẹ́ kó bọ́ mọ́.

Nígbà tó gbé e dórí iyanrìn, ara ọmọ náà rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Táyé ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó ń tẹ̀ ẹ́ láyà, ó ń fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Àwọn ènìyàn pé lé wọn lórí. Lẹ́yìn náà ọmọ náà wúkọ́, ó bi omi jáde, ó sì bú sẹ́kún. Kò sí ohun tó dùn mọ́ Táyé létí tó ẹkún yẹn rí.

Idayatou ti wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó kọjú sí àwọn ènìyàn. "Orí àga rẹ̀ ni olùṣọ́ wa wà. Ó rí i lójú ẹsẹ̀. Ìdí tí a fi ń gba owó ààbò nìyí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Táyé wà lórí ìkúnlẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò, Fẹ́yìsayọ̀ pe Táyé wọ ọ́fíìsì. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. "Ohun tí mo sọ níta ni ìwọ náà máa sọ," ó wí. "Ẹni yòówù tó bá béèrè, orí àga lo wà. Bí wọ́n bá gbọ́ nǹkan mìíràn, èmi àti ìwọ la jọ máa lọ. Àwọn ife tó fọ́ yẹn, màá gbójú fò wọ́n."

Táyé ní, "Ó dáa, Ọ̀gá."

Ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun ni kì í lọ síṣẹ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ní Tokpota, gbogbo alùpùpù tó bá ti dúró ládùúgbò, á dìde wò ó. Ó rò pé ọmọ ti kú nílé ìwòsàn. Ó tún rò pé àwọn ọlọ́pàá ń bọ̀ wá béèrè ibi tó wà. Nígbà tí Fáyọ̀kẹ́ rí i pé kò fọwọ́ kan àkàrà tí òun rà, ó fi orí tó ń dì sílẹ̀, ó wá jókòó tì í. Táyé ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Fáyọ̀kẹ́ gbé àkàrà náà sún mọ́ ọn. "Bí o bá sọ ọ́, iṣẹ́ lọ. Bí o kò bá sọ ọ́, ìwọ náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, mò ń wò ọ́. Mi ò mọ èyí tí mo lè yàn fún ọ."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dúró níwájú ilé. Táyé dìde. Idayatou ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, lẹ́yìn náà Sikiratou, lẹ́yìn rẹ̀ Ọlẹ́wà, tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìgbafẹ́ ni wọ́n ti béèrè ọ̀nà ilé rẹ̀. Wọ́n gbé àpò ìrẹsì àti aṣọ wá. Bí Táyé ṣe ń wá ìjókòó fún wọn, ìyá àgbà náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi, Ọlọ́run nìkan ló lè san án fún ọ."

Irú àgbàlagbà báyìí, orúnkún rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ọmọ ọmọ rẹ̀. Ara Táyé kò gbà á. Òun náà wólẹ̀, ó ń gbìyànjú láti gbé ìyá náà dìde.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Mi ò sí lórí àga. Irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Wọ́n rán mi lọ gbé ohun mímu, mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí omi gbé e. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, kì bá tí rí bẹ́ẹ̀."

Sikiratou wò ó láti orí ìkúnlẹ̀. "Ohun mímu ta ni wọ́n rán ọ lọ gbé?"

Táyé tẹ orí ba. Ta ni á dá ìyàwó ilé lẹ́bi lójú ìyá ọkọ rẹ̀?

"Tèmi ni, Màmá," ni Idayatou wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Èmi ni mo ń pariwo. Mo rí i tó sọ̀kalẹ̀, inú mi tiẹ̀ dùn pé wọ́n ti gbọ́ tèmi. Mi ò rántí pé ààbò ọmọ mi ni mo ń rán níṣẹ́."

Ìyá àgbà náà rọra dìde, ó jókòó. Ọlẹ́wà ti lọ dúró ti Fáyọ̀kẹ́, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń dirun.

"Ọmọ wà láàyè," ni Sikiratou wí níkẹyìn. "Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí tó wà láàyè. Ṣùgbọ́n Sátidé mìíràn ń bọ̀, ọmọ ẹlòmíràn á wà níbẹ̀."

Idayatou ní òun máa lọ bá Fẹ́yìsayọ̀. Ẹ̀rù ba Táyé. "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá lọ, iṣẹ́ mi bọ́ nìyẹn."

"Ohun tí mo fojú ara mi rí ni màá sọ, bùrọ̀dá. Mo rí yín pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Mi ò ní pe orúkọ yín."

Ó sì lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí Táyé dé ibi iṣẹ́ ní Ọjọ́rú, Fẹ́yìsayọ̀ ti ń dúró dè é. Ó ní obìnrin náà wá lérí pé òun máa kọ gbogbo rẹ̀ sórí fóònù, ẹ̀bi òun àti ti ilé ìgbafẹ́, bí olùṣọ́ bá tún gbé àwo.

"Ìwọ lo sọ fún wọn?" ni Fẹ́yìsayọ̀ bi í.

Táyé lè ní òun kọ́. Wọn kò dárúkọ rẹ̀. "Èmi ni, Ọ̀gá. Màmá àgbà kúnlẹ̀ fún mi."

Fẹ́yìsayọ̀ wo ojú fèrèsé síta, níbi tí òkun ti ń bú. "Mi ò lè lé ọ. Mi ò mọ ẹlòmíràn tó lè wọ omi yìí. Máa lọ sórí àga rẹ. Ṣùgbọ́n owó ife tó fọ́ á kúrò nínú owó oṣù rẹ, o ò sì sí lára àwọn tó ń pín ẹ̀bùn oníbàárà mọ́. Àwọn tó ń gbé àwo ló ni ín."

Kò dùn mọ́ Táyé nínú. Ẹ̀bùn yẹn ló fi ń ran Fáyọ̀kẹ́ lọ́wọ́ lórí owó ilé. Ṣùgbọ́n ó dúpẹ́, ó sì jáde.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, iyanrìn tún kún. Ọkùnrin kan tó ní ìyàwó àti ọmọ nínú omi na ìka sí i láti abẹ́ agboòrùn, ó ń súfèé pè é. Ó ní láti ìgbà wo ni òun ti ń dúró de ẹja, àbí kò gbọ́ ni. Ó tún pè é, ohùn rẹ̀ ti ń le. Ọrùn Táyé ń yún un láti yí padà, nítorí wọn kò bí i ní ọmọ tí wọ́n á pè tí kò ní dáhùn. Ó na ọwọ́ òsì síhà ilé ìdáná fún ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lórí omi. Ìgbì kan ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó fi fèrè sẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí àwọn ọmọ.