Fọ́tò Ọ̀mọ̀wé lára Ògiri

"Tíṣà Baiden ti kú." Akọ̀wé tó mú ìròyìn náà wọlé kò tiẹ̀ jókòó. "Orí bẹ́ǹṣì ló kú sí ní ọsibítù. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un."

Araba Mbeah gbé bíìrò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni bàbá náà wá jókòó níwájú tábìlì rẹ̀ yìí, tó fi fìlà lé orúnkún. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó fi pamọ́ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ wọn nítorí èlé ló fẹ́ gbà. Araba fúnra rẹ̀ ló ní kó padà wá, bí ọ̀gá ṣe pàṣẹ pé kí wọ́n máa sọ fún gbogbo èèyàn. Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Kò burú, ọmọ mi. Ìwọ tí mo kọ́ ní ìwé ló wà níbí, ọkàn mi balẹ̀."

Araba wọlé tọ Ọ̀gá Tandoh tó ni ilé iṣẹ́ náà, tó ń bó ẹ̀pà jẹ.

"Ẹ jẹ́ ká kó owó Tíṣà fún ìyàwó rẹ̀."

"Dókítà Mbeah, tí mo bá fún opó kan, gbogbo Saltpond ló máa di opó lọ́la."

"Mo ti sọ fún yín látijọ́ pé èlé tí ẹ ń ṣèlérí kò lè dúró. Owó ẹni tó ń bọ̀ la fi ń san ti ẹni tó ti wà nílẹ̀."

"Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ kíláàsì yín. Ṣé yunifásítì nìyí? Tí wọ́n bá fẹ́ yín lọ́hùn-ún, ṣé ẹ máa wà níbí?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Lẹ́yìn tó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣúná, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní yunifásítì láìjẹ́ òṣìṣẹ́ gidi, kìkì ìlérí ni wọ́n ń ṣe fún un. Nígbà tí àyè ṣí, àna olórí ẹ̀ka ló bọ́ sí i. Ó lọ sí báńkì ìjọba. Wọ́n bi í pé ta ló rán an wá. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ní ìwé tó kà ti pọ̀ jù. Ọ̀gá Tandoh nìkan ni kò béèrè nǹkan kan. Onífọ́tò ló ránṣẹ́ sí. Fọ́tò náà ló wà lára ògiri gbọ̀ngàn báyìí, ó ga tó ilẹ̀kùn: ẹ̀wù oyè pupa, fìlà onígun, ẹ̀rín. Iṣẹ́ Araba kò ju ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ ìsinmi, á wọ ẹ̀wù náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, owó wọn kò léwu. Owó oṣù ló fi ń di ẹnu ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa gbé ẹ̀bùn wa lọ síbi ìsìnkú," ni Ọ̀gá Tandoh wí. "Ẹ gba gbohùngbohùn, kẹ́ ẹ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Ẹ má gbàgbé ẹ̀wù yẹn o."

Lọ́jọ́ ìsìnkú, akéde wà nídìí tábìlì, ó ń ké orúkọ ẹni tó dáwó àti iye tó dá.

"Kofi Arthur, sídì mẹ́wàá! Kofi, pẹ̀lú ikùn yìí? Ẹ bá mi bi í o, ṣé ẹja ló fi ìyókù rà jẹ ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Araba dìde. Aṣọ dúdú ló ró. Ẹ̀wù oyè wà nílé. Ó gba gbohùngbohùn.

"Ẹ̀bùn ilé iṣẹ́ wa nìyí. Nínú owó Tíṣà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ má gbé owó lọ síbẹ̀ mọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń sọ fún yín pé ó wà."

Obìnrin kan pòṣé.

"Wọ́n ti lé e níṣẹ́ ni!"

"Lọ́jọ́ tó wọ ẹ̀wù ọ̀mọ̀wé, ṣé ohun tó sọ nìyẹn?"

"Dókítà, ẹ lọ sinmi. Ọ̀fọ̀ ló ń dà yín láàmú."

Akéde rọra gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn onífèrè bẹ̀rẹ̀ orin.

Nígbà tí Araba lọ kó ẹrù rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú náà, fọ́tò mìíràn ti wà lára ògiri. Kobina Fynn ni, ọ̀mọ̀wé ìṣúná bíi tirẹ̀, tí wọ́n jọ ń retí àyè kan náà ní yunifásítì. Ó dúró nísàlẹ̀ fọ́tò rẹ̀ nínú ẹ̀wù pupa, òógùn bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, kò gbójú sókè, "àwọn ọmọ mi ò tíì padà sílé ìwé, kò sówó."

"Mo mọ̀, Kobina."

Níta, àwọn tó fẹ́ fowó pamọ́ ti tò dé etí títì. Obìnrin tó pòṣé níbi ìsìnkú wà lára wọn. Ó kí Araba tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Araba gba ilé Máàmé Ekuwa, ìyàwó Tíṣà, lọ. Opó náà kò fún un lómi, kò bi í ní ohun tó gbé e wá, bí a ti í ṣe fún àlejò. Araba dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Máàmé, kí ni Tíṣà máa ń ṣe tí kò sẹ́ni tó ń ṣe é mọ́?"

Ìyá náà nawọ́ sí ọ̀nà ilé ìwé.

"Ìkòkò omi ilé ìwé. Òun ló máa ń pọn ọ́n kún láàárọ̀. Ó ti gbẹ."

Araba gbé garawa lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ń pọn, ó ń rù ú lọ sí ilé ìwé, títí ìkòkò náà fi kún. Ó fi ọmọrí dé e, ó sì dojú ife dé orí rẹ̀.